Ìbéèrè àti ìdáhùn nípa Prison Stories, ìwé ìtàn tí Helon Habila fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde, àti oríyìn tó bá a nílé

Ìwé ìtàn tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ san owó ìtẹ̀ rẹ̀ kì í sábà rí ẹni kí i káàbọ̀. Àwọn olótùú ìwé ìròyìn kì í tètè kà á, àwọn tó ń tàwé kì í gbé e síwájú, àwọn olùkọ́ yunifásítì kì í sì í yàn án fún kíkà. Prison Stories, ìwé ìtàn asokọ́ra tó jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2000, wà lára àwọn ìwọ̀nba díẹ̀ tí oríyìn wá bá nílé. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òǹkàwé, pàápàá àwọn tí wọ́n ń kọ ìtàn lọ́wọ́, máa ń béèrè nípa rẹ̀.

Ta ni Helon Habila?

Ọmọ Kaltungo ni, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Gombe lónìí, wọ́n sì bí i ní ọdún 1967. Ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì ìlú Jos ní 1995, ó ṣe olùkọ́ ní Pọ́lì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Bauchi, lẹ́yìn náà ló kó wá sí Èkó ní 1999. Ní Èkó ló ti bá ìwé ìròyìn Hints ṣiṣẹ́, èyí tí ìtàn ìfẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà sì máa ń yá lọ́wọ́ ara wọn títí èèpo rẹ̀ yóò fi ya. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí Vanguard, níbi tó ti ṣe olótùú ojú-ewé iṣẹ́ ọnà.

Mo dárúkọ Hints nítorí pé àwọn kan máa ń fojú kéré irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ ìtàn tí ó gbọ́dọ̀ parí láàárín ojú-ewé mélòó kan, fún òǹkàwé tí ó lè ṣí i kọjá nígbàkigbà tó bá sú u, ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtàn kúkurú láìsan owó ilé-ìwé.

Kí ni à ń pè ní ìtàn asokọ́ra, báwo ló sì ṣe yàtọ̀ sí àkójọpọ̀ ìtàn lásán?

Nínú àkójọpọ̀ ìtàn lásán, ìtàn kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀ àti ará ilé tirẹ̀, kò sì sí ohun tó kó wọn pọ̀ ju èèpo ìwé lọ. Ìtàn asokọ́ra dà bí agbo ilé: yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀, àgbàlá kan náà ni gbogbo wọn sì ṣí sí, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó kàn kọjá lójú pópó nínú ìtàn kejì fi lè di ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí nínú ìtàn karùn-ún. Àwa tí a gbọ́ àlọ́ ní kékeré kì í ṣe àjèjì sí i. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá Ìjàpá inú àlọ́ àná ni Ìjàpá inú ti òní, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ní dandan ni kí a kọ́kọ́ pa ti àná kí ti òní tó yé òun.

Nínú ìtàn Habila, àgbàlá náà ni òpópónà kan ní Èkó tó ń jẹ́ Morgan Street, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sọ ní Poverty Street, ìyẹn Òpópónà Ìṣẹ́. Ibẹ̀ la ti bá Lomba, akọ̀ròyìn tó ń làkàkà láti parí ìwé ìtàn tirẹ̀. Ibẹ̀ la ti bá Kela, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Jos sí ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń ta oúnjẹ. Gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, tó sì dópin nígbà tí ọ̀gágun náà kú ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 1998.

Ohun tí èyí jẹ mọ́ oríyìn ni pé ìtàn asokọ́ra lè dá rìn. A lè yọ ọ̀kan nínú wọn, kí a fún ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ òǹkọ̀wé rí, kí ó sì yé e délẹ̀délẹ̀. Orí keje nọ́fẹ́ẹ̀lì kò lè jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni gbòǹgbò gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Prison Stories wà, àwọn ìdáhùn tó kù yóò sì máa padà síbẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi gbé e fún ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé?

Ta ni ì bá gbé e fún? Láti ìgbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP ti bẹ̀rẹ̀ ní 1986 ni náírà ti ń já wálẹ̀, tí bébà àti yíǹkì tí à ń kó wọlé láti òkè òkun sì ń gbówó lérí. Àwọn ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ńlá tó wà ní Ìbàdàn àti Ìkẹjà fẹ̀yìn ti ìwé ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé òbí kò lè ṣe kó má ra ìwé ìṣirò fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fi dandan mú un ra ìtàn àròsọ. Farafina kò tíì sí nígbà náà, torí ọdún 2004 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó ni orúkọ náà sílẹ̀. Cassava Republic tẹ̀lé e ní 2006. Òǹkọ̀wé tí kò gbajúmọ̀, tó fẹ́ kí ìtàn òun jáde ní 2000, ní láti wá owó fúnra rẹ̀, kí ó bá àwọn onítẹ̀wé dúnàá dúrà, kí ó ṣàyẹ̀wò àṣìtẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì di ẹni tó ń gbé ìwé kiri nínú báàgì. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, àpò alásè ni owó ọ̀hún sì ti máa ń jáde.

Ǹjẹ́ irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní Èkó?

Ó ti ṣẹlẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní oṣù Keje ọdún 1929, Isaac Babalola Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó tó sì jẹ́ olótùú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, bí ẹni pé obìnrin àgbà kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ ló ń kọ wọ́n láti ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀. Orúkọ tí obìnrin náà ń jẹ́ ni Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ìtàn náà ń jáde ní díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù Kẹta ọdún 1930, Thomas sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí nọ́fẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Kí ló fi mọ̀ pé iṣẹ́ òun dára? Kò sí ẹ̀bùn-ẹ̀yẹ kankan fún irú rẹ̀ nígbà náà. Àwọn òǹkàwé ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà, wọ́n ń bá Sẹ̀gilọlá kẹ́dùn bí ẹni tí wọ́n mọ̀ rí, olótùú sì ń tẹ lẹ́tà wọn sójú ewé. Ẹni tó bá rò pé àwọn onídàájọ́ Lọ́ńdọ́nù ló kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń yin ìtàn, kó rántí àwọn òǹkàwé Akéde Èkó.

Báwo ni ìtàn kan ṣe gba ẹ̀bùn tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo ìwé?

Ẹ̀bùn Caine, tí wọ́n fi sọrí Sir Michael Caine, alága ilé-iṣẹ́ Booker nígbà kan rí, tó kú ní 1999 (ẹ má ṣe ṣì í mú fún òṣèré fíìmù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà), ni wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní ọdún 2000. Ìtàn kúkurú kan ṣoṣo láti ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò. Leila Aboulela, ọmọ Sudan, ló gba ti ọdún àkọ́kọ́. Ní 2001, ó kan Habila, fún “Love Poems”, ọ̀kan nínú àwọn ìtàn inú Prison Stories.

Bí ó bá jẹ́ pé odidi ìwé ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí ìwé tí owó ara ẹni tẹ̀ ti jáde kúrò nínú ìdíje kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i, nítorí bébà, ojú ìwé, bí wọ́n ṣe dì í, àti orúkọ atẹ̀wé tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yóò ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ìtàn tó sọ tirẹ̀. Ìtàn kan ṣoṣo ló lọ. Àwọn onídàájọ́ lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìjókòó kan, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ lé ìwọ̀n.

Kí ni “Love Poems” sọ?

Lomba wà lẹ́wọ̀n láìfojú kan ilé-ẹjọ́, ó sì ń kọ nǹkan pamọ́. Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, Muftau, tú àṣírí rẹ̀, ó gba àwọn ìwé náà, ó sì tì í mọ́ yàrá àdágbé. Lẹ́yìn tí ìyà náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀gá yìí kan náà ni ó padà wá pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Ó ń dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin kan tó mọ̀wé, Janice, ọ̀rọ̀ tí yóò sì wọ obìnrin náà létí kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹlẹ́wọ̀n máa kọ ewì fún òun, kí òun sì máa fi í ránṣẹ́ bí ẹni pé òun ni òun kọ ọ́.

Ẹ rò ó wò. Ewì ń lọ síta, ó ń rí òǹkàwé, ó ń gba ìyìn, ẹni tó kọ ọ́ sì wà níbi tí oòrùn kò dé. Oríyìn ń bọ̀ lójoojúmọ́, ilé ẹlòmíràn ló sì ń yà sí. Ṣùgbọ́n Janice ní etí. Bí ó ti ń ka àwọn ewì náà ló ń mọ̀ pé ẹnu tó ń bá òun sọ̀rọ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wá, nígbà tó sì yá, ó dìde, ó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti wo ojú ẹni tó kọ wọ́n. Mi ò mọ ìtàn mìíràn tó ṣàpèjúwe iṣẹ́ òǹkàwé rere tó báyìí. Pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gan-an ló jáde láti inú ìwé tí kò ní alágbàwí, tó sì rí àwọn tó wá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́, jẹ́ ohun tí n kò lè kà kọjá láìrẹ́rìn-ín.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìwé náà lẹ́yìn ẹ̀bùn?

Ó di nọ́fẹ́ẹ̀lì. Habila tún àwọn ìtàn náà kọ, ó fẹ̀ wọ́n, ó sì so wọ́n kọ́ra dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Hamish Hamilton tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ́nù ní 2002 pẹ̀lú àkọlé Waiting for an Angel, Norton sì tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 2003. “Love Poems” ló ṣí ìwé náà, ìyẹn ni pé inú ẹ̀wọ̀n la ti kọ́kọ́ bá Lomba, àwọn orí tó tẹ̀ lé e sì ń padà sẹ́yìn láti fi hàn wá bí ó ti ṣe débẹ̀.

Ní 2003 kan náà, ìwé yìí gba ẹ̀bùn Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì fún ìwé àkọ́kọ́ tó dára jù lọ ní ẹkùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ti ka ìwé náà yóò dúró níbí yìí fún ìgbà díẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀. James, olótùú tí Lomba ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, jókòó ti ọmọkùnrin náà lọ́jọ́ kan, ó sì ṣàlàyé fún un ìdí tí kò fi ní rí ẹni bá a tẹ ìwé rẹ̀ ní Nàìjíríà: bébà wọ́n, àwọn ènìyàn tálákà jù láti ra ìtàn, ọ̀pọ̀ kò mọ̀wé kà, àwọn tó kù sì ń sá fún ọlọ́pàá àti sójà. Ó wá fi kún un pé òkìkí òkè òkun pàápàá ti di àlá, torí pé wọ́n ti lé Nàìjíríà kúrò nínú Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bùn wọn kò sì lè kan ọmọ ibẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ James bá ìgbà rẹ̀ mu. Wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá ọdún 1995, ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì sì dá ẹgbẹ́ Nàìjíríà dúró. Ìgbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni wọ́n tó gbà wá padà. Ìwé tó sọ pé ẹ̀bùn yẹn kò lè wá sọ́dọ̀ wa mọ́ ni ẹ̀bùn ọ̀hún wá bá.

Ṣé nọ́fẹ́ẹ̀lì ni kí a pè é, àbí ìtàn asokọ́ra?

Nọ́fẹ́ẹ̀lì ni atẹ̀wé kọ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é bẹ́ẹ̀. Oríkì ọmọ kò yí ojú rẹ̀ padà. Èmi ń kà á bí ìtàn asokọ́ra.

Ṣé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yẹ fún ìyìn?

Rárá. Ohun tí mo máa ń bá a wí lé lórí ni àwọn obìnrin inú rẹ̀. Janice, tí etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí etí Muftau kò gbọ́, kò ní orí tirẹ̀ tí yóò ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí, bẹ́ẹ̀ ni Alice, ọmọbìnrin tí Lomba fẹ́ràn, ń hàn sí wa láti ojú ọkùnrin tó ń ṣọ́fọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó ti kú. Ìwé tó fún ọmọkùnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ohùn tirẹ̀ lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òǹkàwé mìíràn máa ń kùn pé a kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Lomba já sí. Ìyẹn kò dùn mí, nítorí pé lábẹ́ ìjọba yẹn, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni tiwọn já sí.

Ǹjẹ́ ọ̀nà tí ìwé yìí gbà ṣí fún àwọn mìíràn?

Ní 2002, ọdún tó tẹ̀ lé ti Habila, Binyavanga Wainaina láti Kẹ́ńyà ló gba ẹ̀bùn Caine, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìtàn tirẹ̀ sì ti kọ́kọ́ jáde. Ọdún méjì léra wọn, ibi tí kò sẹ́ni tó ń wò ni wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n ń wá. Ní 2012 ó kan Rotimi Babatunde, tó ń gbé ní Ìbàdàn, fún ìtàn kan nípa ọmọ Nàìjíríà tó lọ jagun ní Burma. Ní ti Habila fúnra rẹ̀, ó lọ sí Yunifásítì East Anglia ní England, lẹ́yìn náà ó di olùkọ́ ní Yunifásítì George Mason ní Virginia. Ní 2015, ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Windham-Campbell, tí owó rẹ̀ jẹ́ 150,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Teju Cole, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Èkó, wà lára wọn lọ́dún yẹn.

Ṣé ó bójú mu kí òǹkọ̀wé tẹ ìyìn sí ẹ̀yìn ìwé ara rẹ̀?

Ó bójú mu bí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà bá sọ ọ́ lóòótọ́, tí ó sì fọwọ́ sí i. Àwọn baba wa ní yinni yinni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Wọn kò ní kí ẹni náà lọ jí ìyìn gbé. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni ti Walt Whitman ní Amẹ́ríkà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ ìwé ewì rẹ̀ jáde ní 1855, ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ralph Waldo Emerson, òǹkọ̀wé tó lókìkí nígbà náà, Emerson sì kọ lẹ́tà ìyìn sí i. Láìgbàṣẹ, Whitman jẹ́ kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà náà, ní 1856 ó sì fi gbólóhùn kan láti inú rẹ̀ sára ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wúrà. Kò mọ síbẹ̀: ó tún kọ àríwísí tó yin ìwé ara rẹ̀, ó sì fi wọ́n sínú ìwé ìròyìn láìfi orúkọ sí i. Ewì rẹ̀ kò nílò rẹ̀ rárá, àìfarabalẹ̀ lásán ni.

Kí ni ẹni tó ń tẹ ìwé ìtàn asokọ́ra tirẹ̀ lónìí lè mú nínú èyí?

Kó yan ìtàn tó lè dá dúró jù lọ, kó jẹ́ kí ó ṣáájú ìwé jáde. Kó fi ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà tàbí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń tẹ ìtàn kúkurú, kó sì ka òfin ìdíje kọ̀ọ̀kan tìṣọ́ratìṣọ́ra, torí atẹ̀wé ni àwọn kan ní kó fi ìtàn ránṣẹ́. Kó gba ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé mọ̀, lọ́dọ̀ National Library of Nigeria, kó sì fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀ bí òfin ti wí. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ń fi ìwé rẹ̀ pamọ́ kúrò lójú àwọn olùwádìí ọjọ́ iwájú. Kó mọ̀ pé ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí NLNG, ilé-iṣẹ́ gáàsì Nàìjíríà, ń fúnni, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ń yí láàárín ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé ọmọdé, nítorí náà ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ó ń kan ìtàn. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó wá olótùú gidi, kó sì sanwó fún un. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ṣe olótùú.

Ibo ni mo ti lè ka àwọn ìtàn inú Prison Stories?

Inú Waiting for an Angel ni wọ́n wà báyìí, ní ìrísí tí Habila fún wọn lẹ́yìn àtúnkọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́, kí ẹ ka ti ẹ̀wọ̀n parí. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹ bá fẹ́, ẹ fo àárín kọjá lọ sí orí Kela ní Poverty Street, kí ẹ wò ó bóyá ohunkóhun ṣókùnkùn sí yín níbẹ̀.